Àdéhùn Oṣù Mẹ́fà, àti Ẹ̀yìn Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Pa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé yín, mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nínú yín tó máa sọ pé òun fẹ́ máa tún ìwé tó gbó ṣe. Èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí tábìlì kan ní ilé ìpamọ́ ìwé kan níhìn-ín ní Ìbàdàn, tí mò ń lẹ ìwé tó ya, tí mò ń gbọn erùpẹ̀ ikán kúrò lára fáìlì àwọn òyìnbó amúnisìn, tí ọwọ́ mi sì ń rùn kànáfùrù títí ọkọ mi fi ń bi mí bóyá tùràrí ni mò ń tà níbi iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Agbówó ni mò ń gbé, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ríran dáadáa, ẹnu mi náà ò sì tíì kú.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ ò gùn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún mi, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta yẹn náà ni mò ń ṣe títí irun mi fi funfun. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá Gàníyù ni à ń pè wọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, láti agbo ilé kan tí wọ́n ti ń di Kùránì láti ayé baba baba wọn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga, awò ojú wọn ò sì kúrò lójú wọn àfi tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Wọn ò kàwé òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè wọ yàrá wa kó fọwọ́ kan ìwé kan láìjẹ́ pé Bàbá Gàníyù wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀ ná bóyá ó mọ́; ti àwa ọmọ iṣẹ́, láràárọ̀ ni. Wọ́n lé ọ̀jọ̀gbọ́n kan jáde rí torí pé ó jẹ bọ̀ọ̀lì wọlé. Èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ níta.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé gidi. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń kó fún mi. Wọ́n á fà á ya lójú mi, wọ́n á ní kí n lẹ̀ ẹ́. Tí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á gbé e síbi fèrèsé, wọ́n á wò ó sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún fà á ya. Mo sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sọ fún ìyá mi pé ọkùnrin yìí kórìíra mi ni, ìyá mi ní kí n padà lọ síbi iṣẹ́ mi.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se àtè tí a fi ń lẹ ìwé. Fùláwà lásán ni. A ó pò ó mọ́ omi, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá máa rò ó lórí iná kékeré bí ẹni ń ro ẹ̀kọ ọmọ ìkókó. Tó bá ní kókó kan ṣoṣo péré, dídànù ni. Omi tí wọ́n rẹ kànáfùrù sí ni wọ́n fi ń pò ó, torí pé kòkòrò tó ń jẹ ìwé ò fẹ́ òórùn rẹ̀, Sábó ni wọ́n sì ti ń rà á. Gbogbo yàrá wa, láti ilẹ̀kùn títí dé orí àjà, kànáfùrù ló ń rùn. Kò pẹ́ tí imú wa ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga ju gbogbo òfin wọn lọ ni pé kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ìwé kankan, kí a yí i padà. “Wo ẹ̀yìn rẹ̀,” báyìí ni wọ́n máa ń wí. “Wò ó lẹ́ẹ̀kan, gbé e sójú oòrùn, kí o tún un wò.” Ó máa ń sú mi. Mo máa ń rò ó nínú mi pé kí ni bàbá yìí ń wá lẹ́yìn ìwé, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti kọ tirẹ̀ síwájú. Ọjọ́ kan tí mo gbàgbé, wọ́n fi rúlà gbá mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti lọ́kọ nígbà yẹn o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí mo bí Bùkọ́lá, wọ́n gbé adìẹ láti ilé wọn ní Ẹlẹ́yẹlé wá bá mi lọ́sibítù, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ ju gbólóhùn méjì lọ, wọ́n sì lọ. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Ní ọdún kẹta mi ni gọ́ọ̀mù dé. Ọkùnrin kan tó ń ta èlò ófíìsì ní Dùgbẹ̀ ló gbé e wá, ó funfun, ó wà nínú ike ńlá, kò nílò iná, kì í kan, kì í bàjẹ́. Inú ọ̀gá àgbà wa dùn. Wọ́n ní ayé ti lajú kúrò níbi ká máa se fùláwà nínú ófíìsì. Bàbá Gàníyù gba ike kan, wọ́n fi lẹ pépà méjì pọ̀, wọ́n gbé e sí fèrèsé fún oṣù kan. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, pépà náà ti pọ́n, ó ti gan, kò sì sí bí a ṣe lè ya wọ́n tí wọn ò ní fàya. Wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní ohunkóhun tí èèyàn bá lẹ̀ mọ́ ìwé, ó gbọ́dọ̀ ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú, torí èèyàn lè ti ṣe àṣìṣe. Ọ̀gá àgbà ní kí ike náà wà lórí tábìlì wa, kí a sì máa lò ó. Bàbá Gàníyù ò bá wọn jiyàn. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ìyẹn ló yẹ kó fu mí lára, torí pé bàbá yẹn kì í gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wọn, tí wọ́n rí ọ̀nà Mẹ́kà lọ. Wọ́n fi yàrá sílẹ̀ fún èmi àti obìnrin kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọ̀gá àgbà sáré wọlé. Àwọn èèyàn ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wo ohun tí a kó pamọ́. Ọ̀gá àgbà fẹ́ to àwọn ìwé ààlà ilẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì, èyí tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Faransé fi pín ilẹ̀ wa bí ẹní pín iṣu. Ọ̀kan nínú wọn ti gbó, ó ti ń já láàrin, kò lè dúró dáadáa. Wọ́n gbé e fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó méjèèjì ò tíì mọ ibi tí ààlà máa gbà. Olúkúlùkù ti gbé aṣọ́bodè tirẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìlú kékeré kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ní ọjà lẹ́bàá odò. Obìnrin tó bá ru iyọ̀ tàbí epo lọ sọ́jà, ó máa san owó ibodè fún Gẹ̀ẹ́sì, tó bá rìn síwájú díẹ̀, ó tún máa san fún Faransé. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lu èèyàn, ọjà fẹ́ túká. Ni ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹnìkejì rẹ̀ ti Faransé bá jókòó, wọ́n kọ àdéhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní títí tí àwọn àgbà wọn nílùú òyìnbó máa fi parí ọ̀rọ̀ ààlà, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ibodè lórí ẹrù tó ń lọ sí ọjà náà. Oṣù mẹ́fà péré. Oṣù mẹ́fà pé, wọ́n tún un ṣe, ó tún pé, wọ́n tún un ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí mo rántí ìwé oṣù mẹ́ta tèmi.

Mi ò yí i padà. Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo rántí òfin Bàbá Gàníyù, ohùn wọn sọ sí mi létí, mo sì sọ nínú mi pé Mẹ́kà ni wọ́n wà. Ọ̀gá àgbà dúró sí mi lórí, wọ́n ń wo aago ọwọ́. Mo gé pépà tó nípọn, mo gbé ike gọ́ọ̀mù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun pépà náà yíká, mo sì tẹ́ ìwé àdéhùn náà lé e lórí. Ó dúró ṣánṣán. Ó rẹwà nínú gíláàsì. Àwọn èèyàn ńlá wá, wọ́n wò ó, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n lọ. Nígbà tí Bàbá Gàníyù máa fi dé, tí a ń pè wọ́n ní Alhaji, ìwé náà ti padà sínú fáìlì, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá. Iṣẹ́ wa yí padà nígbà yẹn. Ẹ̀rọ kan dé tó ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé níwájú lẹ́yìn, wọ́n ní ìwé tó bá wọ inú rẹ̀ ò ní kú láé. Ó yan ìwé mélòó kan bí àgbàdo, ni wọ́n bá gbé e sígun yàrá, alángbá sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé láti ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí èèyàn fi ń lẹ ìwé tí kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti fòfin dè é, torí gbogbo ibi tí wọ́n ti lò ó káyé ló ti ń ba ìwé jẹ́. Alhaji ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo jókòó sí àga wọn. Èmi náà ti ń gbóòórùn ọwọ́ àwọn ọmọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé, ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó gbé báàgì ike dání. Ìyá Ọláìtán lorúkọ wọn, láti ìlú ẹ̀bá ààlà yẹn ni wọ́n ti wá. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wọ́n wọ̀, wọ́n sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n yọ ìwé àjákọ kan tó ti pọ́n, ti bàbá wọn tó ti dolóògbé. Bàbá náà ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba rí, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé àdéhùn yẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ àwọn tó ni ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá nìyí. Ilé méjì ló ń jà lórí ọjà ẹ̀bá odò náà. Ilé kejì ní tàwọn nìkan ni, wọ́n sì ti bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ láti ta ilẹ̀ ọjà náà fún un kó fi kọ́ ilé epo. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ilé Ìyá Ọláìtán mú ìwé wá kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n máa fọwọ́ sí títà náà. Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ju igba lọ, Ìyá Ọláìtán sì wà lára wọn, gààrí ni wọ́n ń tà.

Mo ní kí wọ́n gbé fáìlì wá. Mo ṣí i. Kí n tó gbé ìwé náà sókè, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ pépà tó nípọn yẹn, mo mọ igun tí mo gé wọ́. Ìyá Ọláìtán gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i padà, wọ́n sì rí funfun báláú. Wọ́n bi mí bóyá ìwé mìíràn wà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì. Mi ò lè wo ojú wọn.

Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe pé mo bo ẹ̀yìn ìwé. Àtè fùláwà, èèyàn lè fi omi tú u. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni mo lò. Mo rántí ike náà bí ẹni pé àná ni, mo rántí bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá fi ipá ya á, orúkọ àwọn èèyàn yẹn máa bá a ya. Tí mo bá fi sílẹ̀, ọjà máa di ilé epo. Mo jókòó sílé, ọbẹ̀ ń jóná lórí iná, mi ò gbọ́. Ọkọ mi ní ta ló kú.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ táksí lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Alhaji jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọjú sí ibi tí omi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mi ò tíì délẹ̀ dáadáa tí mo ti ń rò ó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àlejò, gíláàsì, pépà tó nípọn, gọ́ọ̀mù, ọdún mọ́kàndínlógún. Mo sọ ti Ìyá Ọláìtán. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan.

“Gọ́ọ̀mù tí o lò lọ́jọ́ náà, kí ló ń rùn?”

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní kànáfùrù ni, àmọ́ gbogbo yàrá wa ló ń rùn kànáfùrù, Bàbá.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n léjìká. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn máa lọ sí Mẹ́kà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán làwọn ti dé ibi iṣẹ́. Àwọn da gọ́ọ̀mù inú àwọn ike náà sí gọ́tà, gbogbo rẹ̀, àwọn fọ ike, àwọn sì se àtè tó ṣàn díẹ̀, àwọn rọ ọ́ sínú wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé bí àwọn bá ti yí ẹ̀yìn padà, ìkánjú máa dé. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá mọ̀, ọ̀gá àgbà máa gbọ́ kí ọjọ́ kẹta tó pé.

Mo bú sẹ́kún. Mo dìde, mo fẹ́ máa fò, mo ní Ọlọ́run ṣeun, kò sí gọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ti tán. Ni wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè.

“Jókòó. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. O ò yí i padà.”

Wọn ò pariwo. Kàkà kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ì bá dáa kí wọ́n fi rúlà gbá mi. Mo jókòó, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe é. Wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà àti fún obìnrin náà kí n tó fi omi kan ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi sùúrù kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é: kí n má rì í sómi, torí tàdáwà àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ lè ṣàn, kí n kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan, kí n tẹ́ aṣọ tó tutù díẹ̀ sí ẹ̀yìn pépà tó nípọn, kí n dúró, kí n gbé e, kí n tún dúró. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Mo mọ gbogbo ìyẹn, mo ti ń fi kọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀gá àgbà tó wà lórí oyè nígbà náà kì í ṣe ti ìgbà àkọ́kọ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí a ń kọ gbogbo àtúnṣe sí, pẹ̀lú orúkọ mi. Mo kọ ọ́: pé èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, pé mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀, pé mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wò ó. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó wà nínú fáìlì mi títí dòní. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọláìtán ni mo bẹ̀rù jù. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn nínú yàrá iṣẹ́, mo sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ṣé o lè tú u?” Mo ní mo lè gbìyànjú, Mà. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n fa àga, wọ́n sì jókòó tì mí.

Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ṣe é. Tàdáwà náà ò ṣàn nígbà tí mo dán an wò. Mo tẹ́ aṣọ tútù, mo dúró, mo fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé igun àkọ́kọ́. Ó dìde. Òórùn kànáfùrù jáde láti abẹ́ rẹ̀, òórùn ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì gbọ́ ọ báyìí, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ń sunkún lọ, mo ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi ojú mi má kán sórí ìwé. Ìyá Ọláìtán ń fi etí aṣọ wọn nù mí lójú.

Nígbà tí ó tú tán, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré, ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun bi àwọn tó ń tọ́jú ọjà náà léèrè kí àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n sì gbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ mẹ́rin wà, àmì àgbélébùú sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí wọn ò mọ̀ ọ́n kọ. Obìnrin ni mẹ́ta nínú wọn. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo ka orúkọ kejì, Ìyá Ọláìtán ní ìyá bàbá àwọn nìyẹn. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ ń kọ́? Mo rí i pé ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ilé kejì ni. Orúkọ kẹta, ilé tiwọn. Ìkẹrin, ilé kejì. Méjì méjì. Kò sí ẹni tó ni ọjà náà ní òun nìkan, àwọn Ìyá Ọláìtán gan-an alára ò ní i ní àwọn nìkan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé tàwọn nìkan ni, ohun tí bàbá wọn sì fi kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn. Wọ́n lè ní kí n má fi hàn ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì ì bá bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, mo ti rí àgbà èèyàn tó bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ tó kéré sí èyí.

Wọ́n tẹjú mọ́ àwọn àmì mẹ́rin náà. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n, torí mo ti kọ́ wọn láàárọ̀.

“Bá mi ṣe ẹ̀dà méjì,” wọ́n ní. “Ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún wọn.”

Ní ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì, wọ́n kó ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé wá, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó ń lò ó mọ́ṣẹ́, mi ò ní bú wọn, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni wọ́n ń yà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ò ní nǹkan, ó kàn ń jẹ àyè nínú kọ̀ǹpútà. Mo dìde lọ́jọ́ náà lórí orúnkún tó ń dùn mí, mo gbé ìwé àtúnṣe jáde, mo ṣí i síbi tí mo kọ orúkọ mi sí, mo ní kí wọ́n kà á sókè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ya ojú méjèèjì, inú wọn dùn, inú wọn ò dùn. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kò ní sọ yín dolówó, kò sì sí ẹni tó máa mọ orúkọ yín. Ẹ ṣáà máa yí i padà, kódà bí ọ̀gá bá dúró sí yín lórí.

Ohun tó kù ni bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe parí. Ìjọba ìbílẹ̀ rí ìwé náà, wọ́n ní ilé kan ò lè dá ilẹ̀ ọjà tà. Oníṣòwò ilé epo gba ibòmíràn lọ. Ilé méjèèjì ṣì ń bá ara wọn fa wàhálà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ń pé, wọ́n sì ń ná an. Ìyá Ọláìtán pè mí lórí fóònù lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, wọ́n ní ilé méjèèjì ti jọ dáwó, wọ́n fi gíláàsì bo ẹ̀dà kan níwájú lẹ́yìn, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà.

Mo gbé ìròyìn náà lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Alhaji ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, ohùn wọn ti kéré, mo ní láti tẹ etí sílẹ̀. Mo sọ ti gíláàsì, mo sọ ti ògiri ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí ojú.

“Ojú wo ni wọ́n kọ síta?”

Mo sọ fún wọn pé ibi tí àwọn òyìnbó fọwọ́ sí ni wọ́n kọ sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ síta, Bàbá, ibi tí àwọn àmì mẹ́rin yẹn wà. Wọ́n fa ọwọ́ mi súnmọ́ imú wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, wọ́n sì ní ó ti mọ́.